Ta Ló Rán Ọ?

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo yà kí ìyá àgbà kan ní Ìkirè, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni wọ́n. Pálọ̀ wọn mọ́ tónítóní. Fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń dá sọ̀rọ̀ nígun ilé. Obìnrin tí àwọn ọmọ gbà síṣẹ́ pé kó máa tọ́jú ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò tíì fìdí balẹ̀ tán tí fóònù fi dún. Ọmọ wọn ọkùnrin ni, láti ìlú ọba, lórí WhatsApp, irú èyí tí a fi ń rí ojú ara wa. Obìnrin náà gbé fóònù, ó sún un mọ́ ojú ìyá. "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín kí bọ̀ọ̀dá rí yín." Ìyá rẹ́rìn-ín. Ọmọ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n ní àwọn ti jẹ. Ó béèrè bóyá owó wọlé, obìnrin náà ní ó ti wọlé, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó tán lápò wọn. Ọmọ gbàdúrà, ìyá ṣe àmín, fóònù kú.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ìyá ni mò ń wò. Ti òsì ti wú. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ti gbẹ mọ́ egbò, eṣinṣin méjì sì ń lé ara wọn kiri lórí rẹ̀. Fóònù kò rí ẹsẹ̀. Ojú nìkan ló rí, wọ́n sì ti fi ìpara pa á.

Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì rọra béèrè ni: "Ẹsẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbé wọn lọ sọ́sípítù?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, ta ló rán yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán, mo ki ẹgbẹ̀rún méjì náírà bọ abẹ́ ìrọ̀rí ìyá, mo sì bá tèmi lọ.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe ojo. Mo ti bá ọlọ́pàá fa wàhálà rí lójú títì Ìbàdàn nítorí awakọ̀ kan tí n kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè obìnrin yìí pa mí lẹ́nu mọ́, kì í sì í ṣe èmi nìkan ló ń pa lẹ́nu mọ́. Bá ọmọ ọlọ́mọ wí lójú ọ̀nà lónìí, wọ́n á ní ta ló rán ọ. Béèrè ìdí tí ọmọ ọ̀dọ̀ aládùúgbò fi ń sunkún láàárọ̀ kùtù, ta ló rán ọ. Ìbéèrè tí a máa ń bi ìránṣẹ́ láyé àtijọ́ kí a lè mọ ẹni tí a ó dá lóhùn ni. A ti sọ ọ́ di àgádágodo tí a fi ń ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, mo ra dòdò Ìkirè. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí, kì í ṣe dòdò tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì lórí àwo ni mò ń sọ. Èyí dúdú, ó rọ̀, ata rẹ̀ ń tani létè, epo ń yọ lára ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti ń fi ọ̀rá pọ́n ọn báyìí. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyá àgbà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní nǹkan mìíràn nílé lọ́jọ́ náà ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù, èyí tí ẹlòmíì ìbá dà sí ààtàn. Ó gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, ó dín in. Mo jẹ mẹ́ta kí ọkọ̀ tó kún. Kò yẹ kó dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó dùn. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ìlú tó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù lọ́wọ́ ààtàn, tó sì fi di olókìkí láti Èkó dé Ìlọrin, yẹ kó mọ ohun tí a ń fi àgbà ṣe.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé àánú ti tán nílẹ̀ wa. Àánú wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Nígbà kan, ẹgbẹ́ wa, àwa tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, lọ ṣe ìtọrẹ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan tí n kò ní dárúkọ. Àpò ìrẹsì mẹ́rin la gbé lọ, páálí indómì, ọṣẹ, páńpásì àgbà, àti aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, èyí tí a nà sẹ́yìn àwọn arúgbó nígbà tí a fẹ́ ya fọ́tò. Oníkámẹ́rà ní kí a rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá kan kí fọ́tò lè dára, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa tan iná sí yàrá wa lóru. Mo ń ṣubú."

Mo yíjú sí mátíròónù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má dá bàbá lóhùn, wọ́n ti ń ṣarán." Àwa náà rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọwọ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń yọ ọmú lẹ́nu ọmọ tí kò tíì sùn dáadáa. Fọ́tò náà ṣì wà lórí fóònù mi. Bàbá náà kò wo kámẹ́rà, èmi ló ń wò.

Nínú gbogbo ohun tí a kó lọ sí ilé yẹn, kò sí gílóòbù kan ṣoṣo.

Ẹni tó fún arúgbó ní ìrẹsì ti ṣe ohun rere, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè ló ń bá èèyàn jà. "Kí ló dé tí iná kì í tàn ní yàrá yìí lóru?" máa bí mátíròónù nínú, ó lè jẹ́ kí wọ́n má gbà yín láyè mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹgbẹ́ yín ń wá ìjà. Nítorí náà a ń fúnni, a kì í béèrè. Ohun tó ti bàjẹ́ níwà wa nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ẹni tó béèrè rí kò jìnnà sí wa. Láti Ìkirè, ọ̀kadà kan ti tó láti dé Àpòmù. Ẹni tó bá dé ọjà ibẹ̀ lónìí kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni ayé Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ rí. Ọjà ààlà ni láyé ọjọ́sí: ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu, ará Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni ìjà lórí atare ti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820, tó di ogun tó tú Òwu ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ Àpòmù ṣáájú ìjà atare, òun ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọn kò sì rí tẹ̀ jáde títí di 1921. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, jíjí èèyàn tà ti gbilẹ̀ ní ọjà náà. Ẹni tó ti Ọ̀yọ́ wá tajà lè di ọjà fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣẹ jáde pé kí ó dópin. Ọmọ ọba kan wà tó ń ṣòwò lápá ibẹ̀, Awólẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìn, ọ̀rẹ́ yìí náà ló ń bá a rẹrù. Awólẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kó lójú ogun. Ọ̀rẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀. Ó lè dákẹ́. Ọmọ ọba ni, ta ni kì í bẹ̀rù ọmọ ọba? Ó ní kí wọ́n wá ọkùnrin náà lọ, wọ́n sì rí i gbà padà. Ó wá fa ọmọ ọba kalẹ̀, wọ́n nà án.

Ayé yí. Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ gorí ìtẹ́. Wọ́n bi í léèrè bí wọ́n ṣe máa ń bi ọba tuntun pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, ibo ni ogun àkọ́kọ́ yóò kọjú sí. Ó dárúkọ Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó yé e pé ìlú lódindi ni yóò san gbèsè pàṣán yẹn, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin kí inú rẹ̀ lè rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí lọ́dọ̀ọ́, ti Awólẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé: bí àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣe dìtẹ̀ mọ́ ọn, èpè tó ṣẹ́, ọfà tó ta sí ìgun ayé. Èyí tó dún nìyẹn. Báyìí tí irun mi ti funfun, ọ̀rẹ́ tí wọ́n tà yẹn ni mò ń rò. Ìwé kò sọ orúkọ rẹ̀. Kò bá Baálẹ̀ tan. Kò ní ohun tó lè fi san oore fún un. Baálẹ̀ kò gbé oúnjẹ fún un, kò ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ó kàn béèrè pé, "Ọkùnrin tó bá ọ wá lánàá dà?"

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n orí ọmọ tuntun kọ́ ló wọ́ jù lóde òní. Ọmọ tuntun ní nọ́ọ̀sì, ó ní káàdì àjẹsára, ó ní ìyá àgbà méjì tó ń du ẹ̀yìn tí yóò pọ̀n ọ́n. Orí àgbà gan-an ló ti wọ́, àgbà mìíràn ò sì sí lọ́jà.

N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Nínú agbo ilé kan náà tí à ń yìn yìí, obìnrin arúgbó tí kò bímọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣe é fún ẹnìkan nínú agbo ilé tiwa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èmi náà wà lára àwọn ọmọ tó ń sá tí wọ́n bá gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde fún un, títí kan bàbá mi, èèyàn dáadáa sì ni bàbá mi.

Ohun tí agbo ilé ní, tí ilé olódi wa kò ní, kò ju pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ojú àgbàlá kan náà ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Bí wọn kò bá gbé oúnjẹ fún ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ìdáná mẹ́fà ló mọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù á kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ èèyàn. Ìfẹ́ lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí.

Nǹkan kan tún wà tí a ti gbàgbé. Nígbà tí Ìbàdàn ń jọba lórí ìlú púpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìjòyè kan nínú Ìbàdàn tó jẹ́ bàbá kékeré fún wọn. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbà dé iwájú àwọn ọ̀gá. Bàbá kékeré kì í ṣe ẹni mímọ́ o, ó ń jẹ nínú ohun tí wọ́n ń kó wá. Síbẹ̀ ó yé wọn pé ẹni tí kò lágbára kì í dá lọ síwájú alágbára. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ìlú lódindi ní ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan nínú yàrá kò ní.

Ẹlòmíì á ní ẹbí ńkọ́? Ṣebí ẹbí ló yẹ kó ṣe èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan ní agbègbè Òjòó ní Ìbàdàn, ilé tí wọ́n ní àwọn fi ń tún ìwà èèyàn ṣe. Òjòó kì í ṣe aginjù. Ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ọjà ń ná, wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó. Ẹnìkan tó sá àsálà ni ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nínú oṣù yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa ilé 28 tí wọ́n ti dé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń de àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ti ìjọba wà níbẹ̀, ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ti oníṣọ́ọ̀ṣì àti ti mùsùlùmí pẹ̀lú. Ta ló kó wọn lọ síbẹ̀? Ẹbí ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ẹbí tó rẹ̀, ẹbí tí ojú ń tì, ẹbí tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ẹni wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń gbàgbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ẹni tó ti gbé ẹrù jìnnà kì í fẹ́ gbọ́ pé ibi tó sọ̀ ọ́ sí kò dára.

Mi ò fi èyí bú ẹbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹbí ò tó. Nígbà mìíràn ẹbí gan-an ló ti ilẹ̀kùn.

Àwọn òyìnbó, tí a máa ń sọ pé wọ́n ń ju òbí wọn nù, mọ èyí kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ariwo pọ̀ lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ arúgbó ní àwọn ilé ìtọ́jú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1972 ní ìpínlẹ̀ díẹ̀. Ní 1978 òfin ní gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Ètò náà ni pé ẹnìkan yóò wà tó ń wọ ilé wọ̀nyí, tó ń bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, tó sì ń bá wọn gbé ẹ̀sùn wọn lọ síbi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn náà wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2005 kan sọ pé bí ìpinnu ńlá bá dé bá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè pinnu mọ́, tí kò sì ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n lè bi, a gbọ́dọ̀ yan alágbàwí kan fún un.

Ohun tó wù mí jù nínú ti Amẹ́ríkà ni pé alágbàwí kì í lọ fi ẹjọ́ sùn lórúkọ arúgbó láìjẹ́ pé arúgbó fúnra rẹ̀ ní kí ó lọ. Bí ìyá bá ní òun ò fẹ́ kí a sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Bí bàbá bá ní iná ni òun ń fẹ́, kò gbọ́dọ̀ sọ pé oògùn ló yẹ kó fẹ́. Ẹnu lásán ni alágbàwí, arúgbó ló ni ọ̀rọ̀.

Ọmọ tó pe ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sátidé yẹn, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá lọ sí ìlú ọba. Wọ́n ṣí fíìsà iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ó wà lára àwọn tó tètè lọ kí wọ́n tó tì í mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ ní oṣù Keje ọdún 2025. Nígbà tó wálé nígbà kan, ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ife tíì. Ó ní ìwé kan wà tí wọ́n ya àwòrán ara èèyàn sí, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí òun bá rí ibi tó pọ́n lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ bí orí ìṣó, òun á fi bírò sàmì sí i lórí àwòrán náà, òun á kọ déètì, òun á fọwọ́ sí i, torí pé ẹnìkan lè yọ lójijì kó ní òun fẹ́ rí i. Mo rántí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, gìgísẹ̀ òyìnbó kan wà tí mo mọ̀ ju gìgísẹ̀ ara mi lọ."

Kì í ṣe ọmọ burúkú. Owó rẹ̀ ló kọ́ pálọ̀ yẹn, owó rẹ̀ ló ra fáànù.

Wọ́n á ní kí ìjọba ṣe nǹkan sí i. Ìjọba ti sọ̀rọ̀. Orí Kejì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé kí a dáàbò bo ọmọdé, ọ̀dọ́ àti arúgbó lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Ìwé kan náà sọ ní abala kẹfà pé ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí Orí Kejì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n se ọbẹ̀, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ ti ìkòkò. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú ti wà láti 1975, ó sì ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró de ẹni tí yóò mú ẹ̀sùn wá. Ẹni tí kò lè dá dé ilé ìgbẹ́, báwo ni yóò ṣe dé Òṣogbo? Láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ètò tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣooṣù fún àwọn arúgbó tí kò ní alátìlẹ́yìn. Mo gbóríyìn fún un. Òfin ọdún 2017 tó dá àjọ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní Àbújá náà wà. Àbújá jìnnà.

Ìkirè àti Àpòmù kún fún olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń jókòó níwájú ilé láti àárọ̀ tí wọ́n ń ka mọ́tò. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan. A ní àsìkò, a ní ẹnu, àwọn èèyàn ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún wa. Kí ló ń dá wa dúró? Ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì nídìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìyá àgbà kan ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á ní ilé rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Bó bá kú lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á ní ọwọ́ mi kò mọ́. Àwọn ọmọ á bínú pé mo ń fi àwọn hàn fáyé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ jẹ́ alágbàwí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pàṣán Awólẹ̀ ṣì wà níbì kan tó ń dúró de Baálẹ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa obìnrin tó bi mí pé ta ló rán mi. Nígbà tí mo pa dà lọ, mo rí i pé òun náà ò lẹ́ni lẹ́yìn. Orí ẹní nílẹ̀ nínú yàrá ìyá ló ń sùn. Oṣù mẹ́rin ni kò tíì rí ọmọ tirẹ̀. Ó ti sọ fún ọmọ ìyá lẹ́ẹ̀mejì pé ẹsẹ̀ ń dun màmá, wọ́n ní kó ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, pé àwọn á fi owó ránṣẹ́. Ó ra á, kò ràn. Kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, torí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ó ń ráhùn jù ni wọ́n fi lé e. Ìbéèrè tó bi mí yẹn, mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló rán mi, ọ̀rọ̀ ì bá ti dáa fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo pa dà lọ, lọ́sàn-án gangan, láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní nọ́ńbà ọmọ lọ́wọ́, mo ti fẹ́ pè é lójú ọ̀nà, mo sì dá a dúró. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ. N kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, kò sí ọsàn, kò sí búrẹ́dì. Mo bẹ obìnrin náà pé kó fún wa láyè díẹ̀, ó sì lọ bẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ìyá, mo jókòó lé e. Mo ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yín yìí ló gbé mi wá. Ṣé kí n bá yín sọ ọ́?"

Ìyá dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ta ló rán ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rán mi."

Wọ́n yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n yí i pa dà sí mi. Ojú wọn ń wá mi, ó sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Gíláàsì ojú mi wà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni tó ń tún un ṣe ní Àpòmù, ó ti lé lọ́dún kan. Bá mi lọ gbà á."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

Wọ́n ní, "Ṣé mo tíì rí ẹsẹ̀ ọ̀hún ni?"